Tọ́ọ̀ṣì Wo Ló Yẹ Mí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìmọ́lẹ̀, Ìtànṣán àti Àwọ̀ Iná

Kí ni lumen tí wọ́n ń kọ sára páálí tọ́ọ̀ṣì?

Lumen ni wọ́n fi ń wọn àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì, ì báà lọ síwájú tààrà, ì báà fọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́. Iná àbẹ́là kan kò ju nǹkan bíi lumen 12 lọ. Iná ẹ̀yìn fóònù sábà máa ń wà ní àyíká 50. Gílóòbù ayé àtijọ́ tó jẹ́ watt 60, èyí tó máa ń jó èèyàn lọ́wọ́, ń mú tó 800 wá.

Ẹ má ka watt sí lumen o. Watt ni iye iná tí tọ́ọ̀ṣì ń jẹ, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde. Gílóòbù LED (ẹ̀yọ kékeré tó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀) tó jẹ́ watt 9 lè mọ́lẹ̀ tó watt 60 àtijọ́ yẹn.

Ṣé èyí tí lumen rẹ̀ pọ̀ jù ni iná rẹ̀ máa ń jìnnà jù?

Kì í rí bẹ́ẹ̀. Candela ló ń sọ bí iná ṣe máa jìnnà tó, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ṣùjọ tó sí ojú kan. Ẹ wo omi tó ń jáde lẹ́nu rọ́bà: tí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà náà díẹ̀, omi á ta jìnnà, bẹ́ẹ̀ omi ò pọ̀ sí i. Lumen ni omi, candela ni títa tó ta.

Ìdí nìyẹn tí tọ́ọ̀ṣì lumen 400 tí ìtànṣán rẹ̀ ṣùjọ fi lè mọ́lẹ̀ dé orí igi àgbọn tó wà lópin oko, tí ti lumen 2,000 tó fẹ̀ lójú ò sì ní kọjá ọgbà ilé. Tọ́ọ̀ṣì onírin tí àwọn bàbá wa ń lò, ti bátìrì ńlá méjì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi lumen 20 lọ. Síbẹ̀ wọ́n fi ń wá ewúrẹ́ tó sọnù lóru, torí àwo dídán tó wà lórí rẹ̀ ń kó ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ náà jọ sójú kan.

Wọ́n kọ "mítà 300" sára rẹ̀. Ṣé màá rí èèyàn ní mítà 300 lóòótọ́?

Ẹ lè rí i pé nǹkan kan dúró níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí olè. Nọ́ńbà yẹn wá láti inú FL1, ìlànà fún wíwọn tọ́ọ̀ṣì, tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 lábẹ́ ANSI, àjọ tó ń rí sí ìlànà níbẹ̀. Ohun tó ń tọ́ka sí ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dín kù di 0.25 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ohun kan), tó fẹ́ jọ ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú lójú ọ̀run tí kò ní kùrukùru.

Ìmọ́lẹ̀ ń dín kù kíákíá bó ṣe ń jìnnà: tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, èyí tó kù á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì "mítà 300" á fún yín ní lux 1 ní mítà 150, á sì fún yín ní díẹ̀ lé ní lux 2 ní mítà 100. Mítà 100 yẹn ni kí ẹ fọkàn sí tí ẹ bá fẹ́ dá ojú èèyàn mọ̀. Èmi máa ń fi mẹ́ta pín nọ́ńbà tó wà lára páálí, kí n tó sanwó.

Lumen mélòó ló tó fún mi?

Ó kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láti ka ìwé lórí ibùsùn láì jí ẹnìkejì, lumen 5 tó. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí ẹ fẹ́ lọ sílé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀, 20 sí 50 ti tó gẹ́lẹ́. Láti rìn lójú ọ̀nà tí kò ní iná, ẹ wá 100 sí 200. Mẹkáníìkì tó ń yọjú sínú ẹ́ńjìnì nílò 200 sí 300, kó fẹ̀ lójú, torí iná tó ṣùjọ á kàn máa fì sójú irin ni, á sì ta padà sójú rẹ̀.

Fún ìmọ́lẹ̀ páálọ̀, ẹ má gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ sára ògiri. Ẹ fi ìdí rẹ̀ dúró lórí tábìlì kó dojú kọ àjà ilé. Tí àjà náà bá funfun, lumen 300 á tú ká gbogbo yàrá láì gún ẹnikẹ́ni lójú.

Ọlọ́dẹ àdúgbò àti mégádì ni mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n gbàgbé lumen, kí wọ́n béèrè candela. 15,000 sókè ni mo máa ń dábàá fún ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà tó fẹ̀.

Èwo ló sàn: iná tó fẹ̀ tàbí èyí tó ṣùjọ?

Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ló máa sọ. Tí ohun tí ẹ fẹ́ rí bá wà láàárín ibi tí ọwọ́ yín lè dé sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, iná tó fẹ̀ ló dára. Ẹni tó ń rìn nínú koríko lóru níbi tí ejò wà nílò ìmọ́lẹ̀ tó tàn ká ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kì í ṣe àmì róbótó kan níwájú. Tí ohun náà bá jìnnà, iná tó ṣùjọ ni.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó rà á. Ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà méjì sí ògiri funfun, kí ẹ tan án. Ẹ máa rí ojú iná tó mọ́lẹ̀ jù láàárín, ẹ máa tún rí ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tó yí i ká. Tí àárín yẹn bá kéré, tó sì le, tí etí rẹ̀ dá yanjú, ti ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Tí ẹ ò bá fẹ́ẹ̀ mọ ibi tí àárín ti parí, ti itòsí ni. Ẹ wò bóyá òrùka dúdú tàbí àbàwọ́n wà lára ìmọ́lẹ̀ náà. Tó bá wà, á máa dí yín lọ́wọ́ nígbà gbogbo tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tó nílò àfojúsùn.

Ẹ tún yọjú wo inú orí rẹ̀. Àwo tó ń dán bíi dígí tó sì jìn nínú ń ju iná sọ́nà jíjìn. Èyí tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn ń mú kí ojú iná rọ̀, kí etí rẹ̀ sì yọ́ mọ́ra.

Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fa ẹnu rẹ̀ síwá-sẹ́yìn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe méjì nínú ọ̀kan nìyẹn?

Ó dà bẹ́ẹ̀ lójú. Tí ẹ bá fa ẹnu rẹ̀ jáde tán, iná á di igun mẹ́rin kékeré lára ògiri: àwòrán LED fúnra rẹ̀ nìyẹn. Á jìnnà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ti há sínú ọrùn tọ́ọ̀ṣì náà, kò ráyè jáde. Kò sì sí ìmọ́lẹ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun mẹ́rin yẹn, ẹ ò ní rí kòtò tó wà lẹ́sẹ̀ yín.

Níbi tí ọrùn rẹ̀ ti ń wọlé tó ń jáde ni omi àti eruku ń gbà wọlé. Fún ẹni tó ń lò ó nínú ilé, kò burú. Fún oko àti òjò, n kì í dábàá rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì "lumen 1,000,000" tí wọ́n ń tà lójú títì, ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ tó jìnnà sí òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. LED tó dára ń mú nǹkan bíi lumen 100 sí 200 jáde lórí watt kan. Bátìrì 18650 kan (ìbú mìlímítà 18, gígùn 65) tó dára ń gba agbára tó tó watt 11 fún wákàtí kan. Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì kan tó ń mú lumen 1,000 jáde á jẹ bátìrì náà tán láàárín wákàtí kan sí méjì. Mílíọ̀nù kan lumen á nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún watt. Bóyá jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ so mọ́ ọn nídìí.

Bátìrì náà ní irọ́ tirẹ̀. 18650 tó dára jù lọ́jà kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá mAh 3,500 (mAh ni wọ́n fi ń sọ iye iná tí bátìrì lè gbà). Èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí lára, ẹ gbé e lọ́wọ́: ó sábà máa ń fúyẹ́ ju ojúlówó lọ. Ìwọ̀n yẹn nìkan ti jẹ́ ẹ̀rí.

Mo ra èyí tó jẹ́ lumen 2,000. Kí ló dé tí kò jọ ìlọ́po méjì ti 1,000 tí mo ní tẹ́lẹ̀?

Ojú wa kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí òṣùwọ̀n ṣe ń kà á. Ó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin kí ojú tó gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ẹ má san owó gọbọi nítorí àfikún lumen 200 lórí 1,000. Ojú yín ò ní rí i.

Kí ló dé tó ń mọ́lẹ̀ gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ń rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀?

Ooru ni. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń mú lumen 1,000 jáde á gbóná mọ́ yín lọ́wọ́ láìpẹ́, LED ò sì fẹ́ ooru. Àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń dín iná wọn kù fúnra wọn kí wọ́n má bàa jóná. Èyí tí kò dín kù, tó kàn ń gbóná, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ìlànà FL1 kò sọ gbogbo èyí tán. Ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn tí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn lumen, "wákàtí mélòó ló ń lò" sì dúró fún ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ náà máa fi dín kù di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tí páálí bá sọ pé lumen 1,000, wákàtí 5, kò túmọ̀ sí lumen 1,000 fún wákàtí 5.

Kí ni Kelvin? Kí ló dé tí iná kan funfun bíi ti ọsibítù, tí òmíràn pọ́n?

Kelvin ni wọ́n fi ń sọ àwọ̀ iná funfun. Iná àbẹ́là wà ní nǹkan bíi 1,900, gílóòbù àtijọ́ ní 2,700, ọ̀sán gangan ní àyíká 5,500. Tọ́ọ̀ṣì LED olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń wà ní 6,500 sókè, ìyẹn ló ṣe ń fì sí búlúù.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bó bá ṣe funfun tó ló ṣe lágbára tó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú igbó àti lójú ọ̀nà eléruku, 4,000 sí 5,000 ló máa ń jẹ́ kí ewé, èèpẹ̀ àti ara ejò yàtọ̀ síra wọn lójú. Lábẹ́ iná 6,500, gbogbo wọn á ṣe bí eérú.

Kí ló dé tí ẹran àti tòmátò máa ń rí bí èyí tó ti ṣá lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì mi?

Ẹ béèrè CRI rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an. 100 ni òpin rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì gbàrọgùdù máa ń wà ní àyíká 70, àwọn tó dára ń wà ní 90 sókè.

LED funfun kì í ṣe funfun láti ilẹ̀. Búlúù ni. Wọ́n fi ohun kan tó ń sọ apá kan nínú búlúù náà di yẹ́lò bò ó, àpapọ̀ méjèèjì ló ń jọ funfun lójú wa. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, àwọn ọmọ bíbí Japan tí wọ́n ṣe LED búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ló gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì lọ́dún 2014. Àmọ́ pupa kì í tó nínú àdàlú yìí. Ibi tí pupa ò bá sí nínú iná, tòmátò ò ní rí pupa tó máa ta padà sójú yín.

Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awọ, ní orí ìka àti ìdí àtàǹpàkò, CRI rẹ̀ dára. Tí àtẹ́lẹwọ́ náà bá funfun fìn bíi ti òkú, ẹ dá a padà sínú páálí.

Ẹni tó ń wáyà ilé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Wáyà búráùn àti wáyà pupa lè jọra lábẹ́ iná tí CRI rẹ̀ kéré, àṣìṣe yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń tún ṣe. Bákan náà, ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì wò bóyá ọmọ tuntun ní ibà pọ́njú. Ẹ gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Iná pupa, kí ló wúlò fún?

Ojú máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ́ òkùnkùn lára dáadáa. Iná funfun ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ojú wa fi ń ríran lókùnkùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé pupa tàn, torí náà pupa tó rọ̀ ò ní jí wọn. Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ń lò ó, abiyamọ tó fẹ́ pààrọ̀ náápì lóru láì jí ọmọ dáadáa ń lò ó, ọdẹ tó dá dúró sórí ègùn náà ń lò ó.

Kó rọ̀ o. Iná pupa tó le á ba ojú jẹ́ bíi ti funfun. Àléébù rẹ̀ míì ni pé ohun tó pupa á pòórá: lórí ìwé funfun, ẹ ò ní rí ohun tí wọ́n fi bíírò pupa kọ, ọdẹ tó ń tọpa ẹ̀jẹ̀ ẹran lórí ewé náà á pàdánù rẹ̀.

Ṣé aláwọ̀ ewé ló dára jù fún ọdẹ?

Òun ni ojú èèyàn ń rí dáadáa jù, nítorí náà iná aláwọ̀ ewé kékeré á dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọ̀ ló ń fi ẹran han ọdẹ jù lọ. Ètu, ológbò, ewúrẹ́ àti màlúù ní ohun kan lẹ́yìn ẹyinjú wọn tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tàn án. Ẹni tí iná rẹ̀ bá sún mọ́ ojú ara rẹ̀ ló máa rí ìtànṣán yẹn. Ìdí nìyẹn tí tọ́ọ̀ṣì orí fi ju ti ọwọ́ lọ nínú igbó, ìdí kan náà sì ni fìtílà kábáìdì tí àwọn ọdẹ wa ń dè mọ́ iwájú orí fi ṣiṣẹ́ dáadáa, láì ní lumen tó pọ̀.

Ojú tó ń dán nìkan kò tó láti yìnbọn o. Ewúrẹ́ aládùúgbò náà lójú tó ń dán.

Kòkòrò ń ya bo tọ́ọ̀ṣì mi. Ṣé àwọ̀ lè dín in kù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Búlúù ló ń fa kòkòrò jù, yẹ́lò tó pọ́n tàbí pupa ló ń fà wọ́n kéré jù. Ẹ lo 2,700 tàbí iná pupa, kí ẹ sì dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ̀fọn ò sí nínú ìlérí yìí: èémí wa àti òórùn ara wa ló ń tẹ̀lé. Àwọ̀n ni ti ẹ̀fọn.

Nínú ọyẹ́, kùrukùru tàbí èéfín, mi ò rí nǹkan kan. Ṣé kí n ra èyí tó lágbára jù?

Èyí tó lágbára jù á tún dá kún un ni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lára eruku padà sójú yín ló ń fọ́ yín lójú. Ẹ dín iná kù, kí ẹ lo èyí tó ṣùjọ, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ojú, bóyá ní ìbàdí. Tọ́ọ̀ṣì orí ló burú jù níbí, fún ìdí kan náà tó fi dára fún ọdẹ.

Iná yẹ́lò ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú kùrukùru, torí ẹ̀kán omi inú rẹ̀ tóbi tó láti fọ́n gbogbo àwọ̀ ká bákan náà. Nínú èéfín tó fẹ́lẹ́ ló ti máa ń ṣèrànwọ́ díẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì UV (ìtànṣán tí ojú wa kì í rí dáadáa) tó ń tan búlúù-búlúù ńkọ́?

Àwọn àmì kan wà lára owó náírà tó ń tàn lábẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń rà á. Ó tún ń fi àkeekèé hàn: lókùnkùn, gbogbo ara rẹ̀ á máa dán. Ẹ ra nm 365 (nm ni wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀) dípò 395 tí owó bá ká a, torí 395 ń tan búlúù tó pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ń bo ohun tí ẹ fẹ́ rí mọ́lẹ̀.

Ẹ má fún ọmọdé ṣeré, ẹ má sì tan án sójú ẹnikẹ́ni. Pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí èyí tó rọ̀ kò ní kí ó má pa ojú lára.

Mo fẹ́ fi fóònù mi wọn èyí tí mo rà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe dé ìwọ̀n kan. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní ohun kan nítòsí ibi tí a ń gbé sétí tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, áàpù sì wà tó ń fi lux rẹ̀ hàn. Kò péye tó òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ó dára láti fi tọ́ọ̀ṣì méjì wéra.

Ẹ má gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Ní itòsí, ìtànṣán ò tíì ṣùjọ tán, nọ́ńbà á kàn máa purọ́ ni. Ẹ ṣe é lóru, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn. Ẹ wọn mítà 5, kí àárín iná bọ́ sórí ibi tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ yẹn, kí ẹ sì fi 25 sọ lux tí ẹ rí di púpọ̀. Candela nìyẹn. Tí ẹ bá rí lux 400, candela 10,000 ni. Láti mọ mítà rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó máa jẹ́ 10,000, ìyẹn 100, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: mítà 200.

Tí páálí bá kọ mítà 800, ó yẹ kí fóònù yín fi nǹkan bíi lux 6,400 hàn ní mítà 5 yẹn. Fóònù lè ṣì í díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 400 lẹ rí, ẹ mú rìsíìtì yín, kí ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á.